Ẹ Bi Awọnlẹ̀: Ọjọ́ mẹ́ta kò tó fún òkè Olympus

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ ni yóò gba àyè jù, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn mí lára. Kí ẹ̀yin méjì yòókù má bínú.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Awọnlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpọ̀ nílùú Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Àbúrò mi tó wà ní Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, ní kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun, àárín oṣù Kẹfà ni mo sì ń lọ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fẹ́ gun òkè Olympus tó wà lọ́hùn-ún, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ. Ó ní a ó fi ọjọ́ kan rìn dé ìdí òkè, a ó gùn ún lọ́jọ́ kejì, a ó sì padà lọ́jọ́ kẹta. Mo ti gun òkè Ìdànrè lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sanra, n kì í mu sìgá. Ṣé ọjọ́ mẹ́ta tó? Kí ni kí n múra sílẹ̀, kí ni kí n gbé láti ilé? – Ọmọ Ìjàpọ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìjàpọ̀, o kú ìmúra ìrìn àjò. Ọjọ́ mẹ́ta kò tó. Kí n tètè sọ ìyẹn ná, ká tó wá ìdí rẹ̀.

Olympus tí àbúrò rẹ ń wí kì í ṣe ti ilẹ̀ Gíríìsì, èyí tí wọ́n ní àwọn òrìṣà wọn ń gbé. Ti ìpínlẹ̀ Washington ni, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2,432. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn lè rẹ́rìn-ín, torí Kilimanjaro ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ó ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, létí odò Hoh, kò ga tó mítà 200. Àkúrẹ́ tí o wà yìí ga jù ú lọ. Láti ibẹ̀ dé Glacier Meadows, níbi tí àwọn tó fẹ́ gun òkè náà máa ń pàgọ́ sí, ó lé ní máìlì 17, bíi kìlómítà 28, ẹsẹ̀ sì ni ẹ ó fi rìn ín. Kò sí ọ̀kadà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbẹ́rù láti Àkúrẹ́, tó fẹsẹ̀ rìn dé Ìdànrè, tó sì gba ibẹ̀ gun òkè lọ láìjókòó. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé ìdí ohun tí o tìtorí rẹ̀ wá.

Ìwọnlẹ̀ ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì sílé ní Oǹdó, mo sì lo ọdún mẹ́sàn-án ní Tacoma kan náà tí àbúrò rẹ wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí òkè yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo dé orí rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹfà ni, bíi tìrẹ gẹ́lẹ́. Àwa mẹ́rin ni. Nítorí pé awọnlẹ̀ ni mí, wọ́n ní kí n ṣètò ìrìn náà, orí mi sì wú. Ará Scotland kan, William Naismith, fi ìlànà kan lélẹ̀ ní 1892 tí àwọn olókè ṣì ń lò: wákàtí kan fún nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún, kí o tún fi wákàtí kan kún un fún bíi mítà 600 tí o bá gùn. Kìlómítà 28 gba wákàtí márùn-ún àtààbọ̀ ó lé díẹ̀. Òkè tí a ó gùn níbẹ̀ tó mítà 1,100, ìyẹn súnmọ́ wákàtí méjì. Ó di wákàtí méje àtààbọ̀. Mo fi bírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun wa. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tí kò gbẹ́rù, tó ń rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí kì í dúró jẹun ni Naismith ṣe é fún. Ẹrù tèmi sì jẹ́ kílò 23.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la gbéra. Máìlì 12 àkọ́kọ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Igbó kìjikìji ni, àwọn igi tí o kò lè rí orí wọn, tí ewéko so rọ̀ lára ẹ̀ka wọn bí irùngbọ̀n arúgbó. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní mítà mẹ́ta, ó ju ìlọ́po méjì ti Àkúrẹ́ lọ. Òórùn ewé tó ń jẹrà níbẹ̀ rán mi létí oko kòkó bàbá mi lásìkò òjò, àfi pé ó tutù bí inú fíríìjì. À ń sáré rìn, à ń kọrin. Mò ń wo aago mi, mò ń sọ fún wọn pé a ti fi ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú ìwé mi.

Nígbà tí a kọjá máìlì 13, a gba orí afárá kan tó ga gan-an, odò Hoh ń hó nísàlẹ̀ rẹ̀ jìnnàjìnnà, ọ̀nà sì gbé orí sókè. Nítòsí adágún Elk Lake, ní bíi máìlì 15, la ti kọ́kọ́ tẹ òjò dídì. Oòrùn ti lù ú látàárọ̀, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ẹsẹ̀ kan á dúró, èkejì á rì dé itan. Bí o bá ti fa ìyẹn yọ, ti àkọ́kọ́ á rì. Ẹrù ẹ̀yìn á máa tì ọ́ ṣubú. A kò rí ojú ọ̀nà mọ́, ó ti bò mọ́lẹ̀, ìlà inú fóònù là ń tọ̀ láàárín àwọn igi tó wó. Máìlì kan ṣoṣo gbà wá ní wákàtí méjì ó dín díẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá kí a tó dé etí ọ̀gbun kan tó wà ṣáájú Glacier Meadows, níbi tí ilẹ̀ ti ya, tí wọ́n fi àkàbà okùn sí kí èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀. Mo wo àkàbà, mo wo orúnkún mi tó ń gbọ̀n, mo ní ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ yìí kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó lọ. Orí òjò dídì níbẹ̀ la sùn sí, tàwa ti ìbọ̀sẹ̀ tútù.

Lọ́jọ́ kejì, ká tó yọ́ òjò dídì fún omi mímu, ká tó se tíì, ká tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti di aago kan ọ̀sán nígbà tí a gorí òkìtì òkúta tó wà létí Blue Glacier. Odò yìnyín ni, yìnyín tó ti dì jọ láti ọdún gbọ́nhan, tó ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ejò tó yó. Níbi tó bá ti sán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró. Gáàsì wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí pé n kò ka iná tí a ó fi yọ́ omi mọ́ ọn rárá. Oòrùn ti sọ gbogbo ojú rẹ̀ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. A jókòó, a jẹ bisikíìtì, a yí padà. Odò yìnyín kọ́ ló lé wa. A kò tiẹ̀ fẹsẹ̀ kàn án. Ìrìn àtidé ibẹ̀ ló lé wa, òun àti bírò pupa mi.

Nítorí náà, ọjọ́ márùn-ún ni kí o bá àbúrò rẹ sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má kọjá Lewis Meadow, tó wà ní bíi máìlì 10. Yóò dà bí ẹni pé ẹ ń fi ọjọ́ ṣòfò, torí ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Àkúrẹ́ á ti ṣú ní aago méje ààbọ̀, tiwọn á ṣì mọ́lẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló tan àwa jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, aago márùn-ún àárọ̀ ni kí ẹ gbéra. Òtútù òru ló ń mú òjò dídì le. Bí ẹ bá dé Elk Lake kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹ ó rìn lórí rẹ̀ bí ẹni rìn lórí sìmẹ́ńtì. Àwọn odò kéékèèké tó ń dá ọ̀nà kọjá náà, àárọ̀ ni wọ́n ń fà. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, òjò dídì tó yọ́ lókè á ti sọ èyí tí ẹ fò lẹ́ẹ̀kan di èyí tó ń gbé èèyàn. Bí ẹ bá rí ibi tí òjò dídì fi ṣe afárá lórí odò, ẹ fi ọ̀pá gún un kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, omi ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò hu igi, tí àwọn igi ìdí rẹ̀ dojú bolẹ̀ sí ọ̀nà kan náà, ẹ má dúró ya fọ́tò níbẹ̀ o. Ibẹ̀ ni òjò dídì ń gbà ya wálẹ̀ láti òkè, ọ̀sán tí oòrùn bá mú ló sì ń yá a lára. Ẹ ó dé Glacier Meadows ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ẹ ó sá ìbọ̀sẹ̀, ẹ ó jẹun, ẹ ó sùn. Aago méjì òru lẹ ó jí lọ sórí yìnyín. Ọjọ́ kẹrin, ẹ fi sílẹ̀ fún òjò, torí yóò rọ̀. Ọjọ́ karùn-ún ni ilé.

Kí ẹ sì fẹnu kò lórí aago tí ẹ ó yí padà kí ẹ tó kúrò ní Tacoma. Kì í ṣe lókè, níbi tí orí òkè ti ń wọ èèyàn lójú. Ní ẹ̀ẹ̀kejì mi, ìparí oṣù Keje, aago mọ́kànlá àárọ̀ la fi sí. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo fọwọ́ kan òkúta orí òkè yẹn. Bó bá ṣe pé a pẹ́ sí i ni, ǹ bá yí padà láìdé orí rẹ̀, kí gbogbo ìyà náà sì di ti ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ṣé oṣù Kẹfà ti yá jù? Kò burú tó bí ìtàn mi ṣe lè mú kó dà. Odò yìnyín gan-an fẹ́ràn ẹni tó tètè dé: òjò dídì ọdún yẹn ṣì nípọn lórí àwọn ọ̀gbun rẹ̀, ìyẹn ibi tí yìnyín ti sán jinlẹ̀, kò tíì sí lanulanu káàkiri. Ní ìparí oṣù Keje tí mo padà lọ, ojú ọ̀nà ti gbẹ, èèyàn rìn bí ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n lókè, yíyí ká àwọn ọ̀gbun tó ti lanu gbà wá ní ọ̀pọ̀ àkókò. Ẹsẹ̀ rẹ ló ń san owó ohun tí o jèrè lórí yìnyín. Èmi ìbá sún un sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, bí ìsinmi rẹ bá gbà.

Kí àbúrò rẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà igbó ìjọba náà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó lọ. Ìwé àṣẹ ni ẹ ó fi sùn níbẹ̀. Kó bi wọ́n níbi tí òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀, kó bi wọ́n bóyá àkàbà ṣì dúró, kó sì bi wọ́n nípa títì. Ẹ má rò pé títì òyìnbó kì í já: ní oṣù Kejìlá 2024, odò Hoh gé èyí tó lọ síbẹ̀, oṣù Karùn-ún 2025 ni wọ́n tó tún un ṣí. Béárì wà nínú igbó náà, nítorí náà wọ́n á sọ bí ẹ ó ṣe tọ́jú oúnjẹ.

Ìdànrè tí o gùn dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo lo fi gùn ún, àbí mo parọ́? Báàgì píọ́wọ́tà kan, ogún ọ̀rá, ó tó kílò mẹ́wàá. Kó ọ̀kan sínú àpò ẹ̀yìn, kí o gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sọ ọ́ di méjì. Tí o bá dókè, pín omi náà fún àwọn tó ń mí hẹlẹ níbẹ̀, kí orúnkún rẹ lè fúyẹ́ nígbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á ṣàdúrà fún ọ.

Má ra àáké yìnyín, má ra irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà. Wọ́n ń yá èèyàn lọ́hùn-ún. Bàtà nìkan ni kó jẹ́ tìrẹ, kí ó sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ mọ́ra kí o tó lọ. Fi síńgílẹ́ẹ̀tì òwú àti jíìnsì sílé, bí òwú bá ti mu omi, ó di òtútù lára. Lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbọ́síkọ̀rọ̀ l'Ọ́jà Ọba: àwọn súwẹ́tà onírun àgùntàn tí ẹnikẹ́ni kì í wò nítorí ooru, àwọn gan-an ni. N kò tíì san owó gidi lórí ọ̀kan rí.

Ní ti oúnjẹ, gàrí. N kò ṣeré. Omi tútù ló fẹ́, kò jẹ gáàsì, kúlíkúlí sì bá a mu. Àbúrò rẹ á mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Asun Oǹdó kò lè bá ọ lọ, ẹran kì í kọjá lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù wọn, ìyẹn sì dùn mí. Omi tó ń ti abẹ́ yìnyín jáde máa ń funfun bí omi ògì nítorí ìyẹ̀fun òkúta tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tòrò nínú ìkòkò kí ẹ tó fi ẹ̀rọ asẹ́mi sẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dí pa.

Ìbéèrè kan ló kù tí o kò bi mí, òun ló sì wúwo jù. Nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ta ló ti kọ́ bí a ṣe ń fa èèyàn jáde nínú ọ̀gbun yìnyín? Kì í ṣe ẹni tó wò ó lórí fóònù, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Bí kò bá sí, kí ẹ gba afinimọ̀nà, tàbí kí ẹ rìn dé orí òkìtì òkúta yẹn, kí ẹ wo Blue Glacier láàárọ̀ kùtù, kí ẹ jẹ gàrí yín, kí ẹ padà. Ìrìn tó dára gan-an nìyẹn náà. Èmi ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò pinnu rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àárọ̀, sà. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Seattle fi fọ́tò ránṣẹ́: òun àti àwọn méjì kan ló wà lórí yìnyín, wọ́n fi okùn kan so ara wọn pọ̀. Bí ọ̀kan bá jìn sí kòtò, ṣé kò ní fa àwọn yòókù lọ ni? N kò rí oorun sùn. – Abiyamọ, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àìsùn. Kí ẹni tó bá jìn má bàa bọ́ lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ṣe so ara wọn pọ̀. Àwọn ọ̀gbun yẹn, òjò dídì ń bò wọ́n lójú bí ìgbà tí wọ́n fi ewé bo ọ̀fìn, èèyàn kì í rí i títí ẹsẹ̀ á fi já wọ inú rẹ̀. Wọ́n á jìnnà síra wọn tó bíi mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọ̀gbun kan má bàa kó wọn pọ̀, okùn kò sì gbọdọ̀ dẹ̀. Bí ọ̀kan bá jìn, àwọn yòókù á ṣubú lulẹ̀ kíá, wọ́n á gún àáké wọn mọ́lẹ̀, okùn náà á sì ha mọ́ etí ọ̀gbun, ìyẹn á bá wọn gbà nínú ìwúwo rẹ̀. Ẹni mẹ́ta dára ju méjì lọ, torí ẹni méjì ló ń dá ẹnì kan dúró.

N kò ní parọ́ fún yín ṣá. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó le bí dígí, bí wọn kò bá kan irin mọ́lẹ̀ kí wọ́n fi okùn kọ́ ọ, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn lè ṣẹlẹ̀. Ẹ pè é, kí ẹ ní, “Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa èèyàn jáde?” Bó bá dáhùn kíá, ẹ lọ sùn. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ tún bá mi sọ fún un kó fi ìpara tó ń dènà oòrùn pa ojú, abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n, kó sì wọ awò dúdú. Èmi ní awọ dúdú kì í jóná. Ìtànṣán ń ta padà láti ilẹ̀ lórí òjò dídì, ètè mi bó, ihò imú mi bó, ìyàwó mi sì fi ọ̀sẹ̀ kan pè mí ní iṣu sísun.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a ní odò yìnyín ní Áfíríkà, sà, àbí àwọn òyìnbó nìkan ló ni ín? – Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA

ÌDÁHÙN: A ní in, ó kàn ń dín kù ni. Ó wà lórí Kilimanjaro ní Tanzania, mítà 5,895. Ó wà lórí òkè Kenya, mítà 5,199. Ó sì wà ní Rwenzori, láàárín Uganda àti Congo, tí ṣóńṣó orí rẹ̀, Margherita, jẹ́ mítà 5,109. Ọmọba ilẹ̀ Ítálì kan, Duke ti Abruzzi, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ló kọ́kọ́ gun èyí tó kẹ́yìn yìí ní 1906. Òun ló jọ ohun tí mo sọ fún Ọmọ Ìjàpọ̀ jù, torí ọjọ́ mélòó kan lèèyàn ń fi rìn nínú igbó àti àbàtà kó tó rí yìnyín. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tàbí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ni òjò ń dín díẹ̀ níbẹ̀. Bàtà òjò onírọ́bà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa ń wọ̀ lọ sóko ni wọ́n fi ń rin ibi tó pọ̀ nínú àbàtà náà. Ìyẹn, o lè rà á l'Ọ́jà Ọba kí o tó lọ.